Mo jókòó fún bàbá ayàwòrán kan ní Òṣogbo: orí mi tóbi, ẹsẹ̀ mi ò sí níbẹ̀

Kẹ̀kẹ́LóGbéMiDé

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i.

Láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ kiri ilẹ̀ wa. Abẹ́òkúta ni mo ti gbéra. Mo sun ọjọ́ méjì ní Ìbàdàn, mo gba Ìwó, mo gba Ẹdẹ, mo sì wọ Òṣogbo lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin. Kí n tó dé Ẹdẹ ni mo ti kó sí kòtò, sípóòkì méjì já nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi. Eruku bò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ọ̀nà Ìbòkun ni mo dúró sí láti ra omi. Bàbá kan jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, àwòrán lóríṣiríṣi fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́yìn wọn. Wọ́n wo kẹ̀kẹ́ mi, wọ́n wo ẹrù orí káríà, wọ́n wá wo ojú mi pẹ́ títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, níbo lo ti ń bọ̀?" Mo ní Abẹ́òkúta ni, sà. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ rẹ yìí lo fi wà á dé ibí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n jókòó, àwọn fẹ́ ya mí.

Mo rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Wákàtí mẹ́ta ni. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ: tí ara bá ṣì gbóná, tí èèyàn wá jókòó lójijì, orúnkún á le bí igi, ẹran itan á máa fò fúnra rẹ̀. Bàbá ní kí n má mira. Òógùn ń ṣàn wọ ojú mi, mi ò lè nù ún. Èyí tó tiẹ̀ nira jù ni pé mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí. Láti ọjọ́ mẹ́rin, èmi ni mò ń wo nǹkan: kòtò, tírélà, ewúrẹ́, ojú ọ̀run bóyá òjò ń ṣú. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni wọ́n ń wò.

Nígbà tí wọ́n yí i sí mi, ojú mi ni lóòótọ́, àmọ́ ó dà bí ojú tí màá ní lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Orí náà tóbi gan-an. Wọ́n ya ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n ya agogo rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ya ike omi mi. Ìbàdí ni àwòrán náà pin sí. Kò sí ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wa kẹ̀kẹ́ ju 150 kìlómítà lọ kí n tó dé iwájú wọn!

Mi ò bá wọn jiyàn, àgbà ni wọ́n. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ, kí n yà wá gbé e tí mo bá ń padà bọ̀. Adó-Èkìtì ni mo wà báyìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá tún gba Òṣogbo. Ṣé mo lè sọ fún wọn pé mo fẹ́ ẹsẹ̀ mi, àbí ìwà àrífín ni?

Ṣéènì_Kì_í_Já

Kú ewu ọ̀nà, arákùnrin. Ṣé o ti pààrọ̀ sípóòkì yẹn? Pẹ̀lú ẹrù tó o gbé sẹ́yìn, bí ìkẹta bá já, ríìmù á tẹ̀, kò sì ní dùn ún tún ṣe lójú ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà tó kún fún òkè.

Ti àwòrán, mo rò pé o lè béèrè. Ibi tó o máa gbé e sí lórí kẹ̀kẹ́ ni kó o kọ́kọ́ rò.

ỌmọAgbẹ́gilére

Àbúrò mi, kú ìrìn. Agbẹ́gilére ni bàbá mi, agbẹ́gilére náà ni bàbá tó bí wọn, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo sì dàgbà sí. Nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ yìí kàn mí.

Mú ère Yorùbá èyíkéyìí tí ọwọ́ rẹ bá tó, kó o fi okùn wọn orí rẹ̀. Orí nìkan á gba ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí nínú mẹ́rin gbogbo gígùn rẹ̀. Ti èèyàn ẹlẹ́ran ara kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, ó máa ń sún mọ́ ìdá kan nínú méje. Agbẹ́gilére mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, ó mọ̀ ọ́n ṣe ni. Orí ló yan ohun tí a wá ṣe láyé, orí là ń bọ, orí ni ìyàwó ń bẹ̀ kó tó wọ ilé ọkọ. Ohun tó bá tóbi nínú ọ̀rọ̀ ẹni, òun ló gbọ́dọ̀ tóbi nínú igi.

Ti pé ojú rẹ dàgbà ju bó ṣe yẹ lọ, wo ère ìbejì. Ọmọ ọwọ́ ló kú, àmọ́ ère tí wọ́n gbẹ́ fún un ní ọmú, ó kọlà, ó di irun bí abilékọ. Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ni mo bi bàbá mi léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní àgbà tí ọmọ náà ìbá dà ni àwọn ń gbẹ́.

Bàbá tó yà ọ́ yẹn, Òṣogbo ni wọ́n wà. Ìlú tí wọ́n ti ṣí Mbari Mbayo, ojúkò àwọn oníṣẹ́ ọnà, ní ilé Dúró Ládiípọ̀ eléré orí ìtàgé ní 1962, tí àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò gba ilé ẹ̀kọ́ ọnà kọjá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀dà, tí òkìkí wọn sì kàn yí ayé ká. Bí wọ́n ṣe ń wo èèyàn níbẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti agbẹ́gilére. Gba àwòrán rẹ, kó o dúpẹ́.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀wọ̀ yín ni, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn.

Ère ni ère, àwòrán ojú èèyàn sì ní ìtàn tirẹ̀ láàárín wa. Àìná Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, kọ́ ara rẹ̀ ní yíyà, ó sì ti ya Ìyáàfin Spencer Savage ní Èkó ní 1906, ọdún mẹ́rìnlá kó tó wọ ọkọ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù níbí láti kàwé lórí rẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn òyìnbó gbà pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá ọwọ́ èèyàn dúdú. Bí àwòrán rẹ̀ ṣe jọ ẹni tó yà gan-an ló fi dá wọn lóhùn. Bó ya dókítà, dókítà la rí. Bó ya lọ́yà, lọ́yà la rí. Jíjọ kì í wáá ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ká ní orí ló ṣe pàtàkì.

Ẹ tún wo ti àwòrán Tutu. Ben Enwonwu, ayàwòrán ọmọ Onitsha tó ń ṣe olùkọ́ ní Ifẹ̀ nígbà náà, ló rí Adétutù Adémilúyì, ọmọ ọba, ní 1973. Ó lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ láti gba àṣẹ kó tó yà á. Ẹ̀dà ti 1974 ni wọ́n rí nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n tà ní oṣù kejì 2018 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.2 pọ́n-ùn. Ohun tó mú èyí wá sí mi lọ́kàn ni pé Tutu náà ò wá ayàwòrán lọ, ayàwòrán ló rí i. Síbẹ̀ wọ́n bi í, wọ́n bi àwọn tirẹ̀. Ẹni tó jókòó ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ náà. Arákùnrin wa fi wákàtí mẹ́ta jókòó pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Bí ó bá fẹ́ ẹsẹ̀, kó sọ.

OlóyèKékeré

Èmi ò lè fi àwòrán ara mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ rí o. Orí èèyàn kì í ṣe ohun tí a ń fi há ògiri onílé. Lọ gbà á kíá, bó gbẹ, bí kò gbẹ.

ỌmọAgbẹ́gilére

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, mo gbọ́ ọ, o sì jàre níbì kan. Jíjọ wà nínú tiwa tipẹ́tipẹ́. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938, ẹni tó bá dúró níwájú wọn á fẹ́ kí wọn. Ní Ọ̀wọ̀ ẹ̀wẹ̀, láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ṣe àkó fún òkú ẹni ńlá: ère tó tó èèyàn, tí wọ́n á wọ aṣọ olóògbé fún, tí ojú rẹ̀ á sì jọ ọ́ débi tí àwọn ọmọ á fi sunkún.

Àmọ́ ṣé ẹ rí i, òkú ni wọ́n ń ṣe àkó fún. Ohun tí OlóyèKékeré sọ yẹn kò ti ibòmíràn wá. Ọ̀pọ̀ àgbà ni kò fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ojú ẹni tó wà láàyè kó jọ ọ́ tán. Bàbá Òṣogbo náà lè ní èyí lọ́kàn, kí wọ́n fi ọjọ́ orí díẹ̀ àti orí ńlá mú kí ojú inú àwòrán yàtọ̀ sí ojú àbúrò wa gan-an.

Mo sì tún ronú lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà lóru àná. Lára àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n mọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ Àreògún, agbẹ́gilére ará Ọ̀sì, ọkùnrin kan wà tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ló gbẹ́ ọkùnrin náà sí, kẹ̀kẹ́ náà hàn, ẹni tó gùn ún hàn. Àreògún tó mọ orí gbẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò gé ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ní ìbàdí. Mi ò tíì rí èsì tí màá fún ara mi lórí ìyẹn.

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀gbọ́n oníkẹ̀kẹ́. Ojú èèyàn ni mò ń yà jẹun, ọdún kejìdínlógún rèé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe máa ń rí ní ẹ̀yìn kánfáàsì, bóyá á ràn yín lọ́wọ́.

Ìjókòó wákàtí mẹ́ta láìsinmi ò dára. Èmi máa ń jẹ́ kí ẹni tí mò ń yà jókòó ogún ìṣẹ́jú, kó dìde ìṣẹ́jú márùn-ún, kó na ara. Màá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ àti ibi tí ìgbòǹwọ́ rẹ̀ gbé lé, kó lè padà síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà mìíràn tí ẹ bá jókòó, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ sinmi. Kò sí àrífín nínú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo rò pé mo mọ ìdí tí bàbá ò fi jẹ́ kí ẹ dìde. Ẹ ní eruku ọ̀nà bò yín, òógùn ń ṣàn. Ọ̀sán ti ń rọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń sún kúrò lójú yín. Bí ẹ bá wẹ̀, tí ẹ sùn, ojú yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹni tó máa jí lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn ni. Ayàwòrán máa ń kọ́kọ́ mú ohun tí kò ní bá níbẹ̀ lọ́la. Ẹsẹ̀ yín ṣì wà, ó wà ní Adó-Èkìtì báyìí. Kẹ̀kẹ́ náà ò sì lọ síbì kan. Ojú ọjọ́ kẹrin yẹn nìkan ni kò ní padà wá mọ́.

Ẹ má lọ sọ pé wọ́n gbàgbé ẹsẹ̀. Ayàwòrán kì í gbàgbé ìdajì èèyàn. Ẹ bi wọ́n pé, "Bàbá, kí lẹ rí?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, kí ẹ tó wá sọ ohun tí ẹ̀yin ń wá.

Bí ọ̀dà olóròóró bá ni, tí wọ́n sì kùn ún fẹ́lẹ́, ó lè gbẹ lójú láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Èyí tó bá nípọn ń fẹ́ oṣù. Bí ẹ bá máa ká a, ẹ jẹ́ kí ojú ọ̀dà wà níta, kò gbọ́dọ̀ wà nínú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe òdì kejì rẹ̀ torí wọ́n rò pé àwọn ń dáàbò bò ó, ọ̀dà á wá rún, á sán. Ẹ ra páìpù oníke tó fẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan pọ́lọ́ńbà, ẹ ká a mọ́ ọn lára wẹ́rẹ́, kí ẹ wé aṣọ funfun lé e. Òjò ò gbọ́dọ̀ kàn án.

Ní ti owó: bí àgbà bá kọ owó, ẹ má fi ipá fún wọn. Ẹ ra ọ̀dà funfun lọ. Òun ló máa ń tán jù nínú iṣẹ́ wa, ó sì ti wọ́n. Bí wọ́n bá gbé àwòrán náà fún yín, tiyín ni; àmọ́ ẹ̀tọ́ láti tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sórí káàdì tàbí aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó yà á, bí òfin wa ṣe wí, àfi tí ẹ bá kọ ìwé àdéhùn. Ẹ gba àṣẹ wọn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Bùnmi

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ rán mi létí nǹkan. Bàbá wa ra kẹ̀kẹ́ Raleigh nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà ní abúlé, mi ò tíì pé ọdún méje. Ìgbà yẹn, ẹni tó bá ra kẹ̀kẹ́ á tì í lọ sí ilé onífọ́tò ni. Wọ́n wọ dàńṣíkí aṣọ òkè, wọ́n dé fìlà. Onífọ́tò ní kí wọ́n tú okùn tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ ṣòkòtò kí ṣéènì má baà gé e. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní bí òun bá tú u, ta ni yóò mọ̀ pé òun ló ń gùn ún?

Fọ́tò náà wà lókè tẹlifíṣọ̀n mi. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé pẹ́dà, okùn yẹn hàn kedere. Láti 1994 tí wọ́n ti lọ, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni okùn náà.

Ọmọ mi, ní kí wọ́n ya ẹsẹ̀ rẹ fún ọ.

Kẹ̀kẹ́LóGbéMiDé

Ẹ ṣé, mà. Mo ka ti yín yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin tó kù náà, ẹ ṣeun. Mo ti pààrọ̀ sípóòkì o.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifá

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti òkè, ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba ohun tí Ifá sọ lórí orí àti ẹsẹ̀.

Ẹsẹ Ifá kan sọ pé gbogbo orí péjọ, wọ́n ń gbìmọ̀, wọn ò sì pe ẹsẹ̀ sí i. Èṣù wò wọ́n, ó ní nígbà tí ẹ ò ti pe ẹsẹ̀, a máa wo bí ẹ ó ṣe mú ìmọ̀ràn yín ṣẹ. Ìpàdé náà sì tú ká nínú ìjà. Ìgbà tí wọ́n padà ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀, tó wá jókòó láàárín wọn, ni ohun tí wọ́n gbìmọ̀ tó gún.

Ẹ̀yin bàbá ỌmọAgbẹ́gilére, òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa orí. Orí ló yàn án. Àmọ́ ẹsẹ̀ ló ń gbé orí lọ síbi tí ohun tó yàn wà. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n yà, tí ó wá nínú ọkọ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ wa ara rẹ̀ láti Abẹ́òkúta ni.

ỌmọAgbẹ́gilére

Akẹ́kọ̀ọ́, o ṣeun. Èsì tí mò ń wá nìyẹn. Àbúrò, mo yí ọ̀rọ̀ mi padà. Béèrè.

Ṣéènì_Kì_í_Já

Ọjọ́ mẹ́jọ rèé tí a ò ti gbúròó rẹ. Ṣé kò sí o?

Kẹ̀kẹ́LóGbéMiDé

Kò sí o. Ẹ má bínú, iná ò sí níbi tí mo sùn sí, fóònù mi kú.

Mo dé Òṣogbo ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ra ọ̀dà funfun méjì lọ bí Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá ṣe wí. Bàbá gbà á, wọ́n tú ìdérí rẹ̀ wò, wọ́n dì í padà, wọ́n sì gbé e pamọ́ sínú yàrá. Inú wọn dùn ju bí mo ṣe rò lọ.

Àwòrán náà ń bẹ lára ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, mo ní, "Bàbá, kí lẹ rí?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ní kó o jókòó, o jókòó. Ojú rẹ ò jókòó. Ó ṣì wà lọ́nà. Mo ní kí n mú un kó tó dé." Wọ́n ní bí àwọn bá ya ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sórí àpótí ni àwọn ì bá yà, kò sì bá ojú yẹn mu.

Mo wá sọ ìtàn orí àti ẹsẹ̀ fún wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n bá mi parí rẹ̀ kí n tó dé ìdí. Mo sọ fún wọn pé èmi tí mo gun kẹ̀kẹ́ náà, ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń rántí. Òun ló ń dùn mí lóru, òun ni mo ń fi òróró pa láàárọ̀. Mo tún sọ ti okùn ṣòkòtò bàbá Ìyá Bùnmi. Ní ibẹ̀ ni wọ́n dìde.

Wọn ò fọwọ́ kan àwòrán ti àkọ́kọ́. Kánfáàsì kékeré kan ni wọ́n gbé jáde, fífẹ̀ rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, gíga rẹ̀ ò tó ìdajì. Wọ́n ní kí n fi ògiri gbé ara ró lórí kẹ̀kẹ́, kí n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé pẹ́dà, kí n fi ti òsì tẹ ilẹ̀. Mi ò jókòó sórí àpótí lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú mo ní mo fẹ́ na ara, wọ́n sì fi èédú sàmì sílẹ̀ fún mi láìjiyàn.

Wọ́n ya gìrìsì ṣéènì tó ta sí mi lójúgun. Wọ́n ya ojú ọgbẹ́ tí mo gbà nígbà tí mo ṣubú sí kòtò tí mo sọ, kí n tó dé Ẹdẹ. Ó ti ń sàn, wọ́n ya èépá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fi èkejì sísàlẹ̀ èkíní lára ògiri, àlàfo bí ìka mẹ́ta wà láàárín wọn. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ tí mo bá dé ilé.

Orí ṣì tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, ẹ̀yin bàbá wa. Ìyẹn ò yí padà, mi ò sì béèrè pé kó yí padà mọ́.

Ti àkọ́kọ́ wà lórí káríà mi, lára páìpù oníke, ojú ọ̀dà síta. Ti ẹsẹ̀ ò tíì gbẹ. Bàbá ní kí n padà wá gbé e lóṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, kẹ̀kẹ́ ni kí n sì gùn wá.

Ìwó ni mo wà báyìí. Òjò ń rọ̀, mo ti gbé e wọlé.